Oṣù mẹ́rìnlá ní klíníìkì àwọn ọmọ tí oúnjẹ ń bá jà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ti ń bàlágà níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan nípa klíníìkì tá a ń gbé ọmọ wa obìnrin lọ, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé wa, mo wá inú íntánẹ́ẹ̀tì títí di aago méjì òru, mi ò rí ẹyọ ọ̀kan tí ọmọ Yorùbá kọ, oúnjẹ òyìnbó ni wọ́n ń sọ, bí nǹkan ṣe ń lọ nílé òyìnbó ni wọ́n ń sọ, èmi wá jókòó síbẹ̀ mò ń ronú pé ta ló máa sọ fún mi bí mo ṣe máa fi ẹ̀bà tọ́jú ọmọ tó ń sá fún oúnjẹ. Mi ò ní dárúkọ klíníìkì náà, mi ò ní dárúkọ ọmọ mi, mi ò sì ní sọ kílò tàbí kálórì kankan, torí àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń bá jà máa ń wá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kiri láti fi bá ara wọn díje. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Abẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ni wọ́n wà, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n ń gbà, àìsàn tó jẹ mọ́ oúnjẹ nìkan ni wọ́n sì ń tọ́jú, anorexia (kéèyàn máa fi ebi pa ara ẹ̀ torí ó ń bẹ̀rù pé òun á sanra), bulimia (kéèyàn jẹ àjẹjù, kó wá bì í) àtàwọn tó fara jọ ọ́. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò wa àfi owó bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 14 ni tèmi nígbà tá a kọ́kọ́ débẹ̀.

Inú ààwẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ wa máa ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 ní January, ọmọ mi ní òun náà fẹ́ gbà á, inú mi dùn, mo ń fi yangàn lójú àwọn ìyá ìjọ pé ẹ wo ọmọ kékeré tó mọ Ọlọ́run. Ààwẹ̀ tán, tiẹ̀ ò tán. Tí mo bá pè é wá jẹun á ní òun ti jẹ níléèwé, tó bá di Sátidé á ní inú ń run òun. Ó ń wọ súẹ́tà lé súẹ́tà nínú ilé tá a tan hítà sí, ọwọ́ ẹ̀ tutù bí ẹja inú fíríìsà, irun wẹ́wẹ́ kan tó rí bíi ti ọmọ tuntun hù sí i lápá àti lẹ́yìn. Ohun tó tún wá dà mí lọ́kàn rú ni pé òun ló ń dáná jù nínú ilé. Á dín dòdò fáwọn àbúrò ẹ̀, á ṣe mọ́ínmọ́ín, á jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán, òun ò ní fẹnu kàn án.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wa, fíríìjì wa ńlá yẹn gan-an ibẹ̀ ló gbà wọlé. Ọmọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá ti dé ibẹ̀ á yí èjìká, á fa inú, á rọra yọ́ kọjá bí ẹni tó ń gba àárín èrò ọjà. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Lọ́jọ́ kan mo fà á lọ síwájú dígí yàrá mi, mo gbé apá ẹ̀ sókè, mo ní wo egungun, wo ibí, wo ọrùn ẹ. Ó wo dígí yẹn pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ẹ̀, ó ní Mummy, ṣé ẹ ò rí bí mo ṣe tóbi ni? Mo gbá a létí. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo rò pé ó ń parọ́ fún mi lójúkojú, mo rò pé oríkunkun ni, mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo pe pásítọ̀, bàbá ẹ̀ fi lílé kúrò nílé dẹ́rù bà á. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀.

GP (dókítà àdúgbò) àkọ́kọ́ tá a lọ bá tẹ kílò ẹ̀ àti gíga ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ó ṣì wà níbi tó yẹ kó wà, kí n máa fún un ní èso àti ewébẹ̀. Kò béèrè bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, pé ọmọ tó lára dáadáa ni, pé láàárín oṣù díẹ̀ ni ara náà lọ. Nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, kò béèrè. Ó ń dùn mí dòní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ la tó rí dókítà míì, obìnrin ni, ó ní kó dùbúlẹ̀, ó ka bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, ó ní kó dìde dúró, ó tún kà á, ó gba ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló kọ lẹ́tà. Ìlànà NHS ní England ni pé tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá gba kánjúkánjú, ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1, tí ò bá gba kánjúkánjú, ọ̀sẹ̀ 4. Tiwa, ọjọ́ kẹfà ni wọ́n pè wá. Lóòótọ́ mo yìn wọ́n níbẹ̀ yẹn, torí mo mọ àwọn tó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ débẹ̀, nọ́ọ̀sì, dókítà, dietitian (onímọ̀ nípa oúnjẹ) àti téràpísìtì ìdílé ló jókòó dè wá. Mo rojọ́ dígí fún wọn, mo rojọ́ ilẹ̀kùn, mo ṣáà ń retí pé wọ́n á bá mi bá a wí. Téràpísìtì yẹn kọjú sí mi, ó ní kò parọ́ fún yín o, ohun tó rí ló sọ. Mo dákẹ́. Ó ní ní Utrecht, ní Netherlands, àwọn kan ti dán ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn wò, 2013 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n ní káwọn tó ní anorexia àtàwọn tí ò ní in máa rìn gba àárín àlàfo kan bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sọ ọ́ di fífẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di tóóró, wọn ò sì sọ ohun tí wọ́n ń wò fún wọn. Àwọn tó ní anorexia ń yí èjìká níbi tí àyè ṣì gbà wọ́n dáadáa. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹnu wọn nìkan ló ń sọ pé àwọn tóbi, èjìká wọn gan-an gbà bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, torí ojú ni mo fi ń wo ọmọ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn fún odidi oṣù méjì, mi ò mọ̀ pé àìsàn ni mò ń wò.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Orúkọ anorexia nervosa ti wà láti ìgbà William Gull, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní 1873. Hilde Bruch, dókítà obìnrin tí wọ́n bí sí Jámánì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló wá tẹnu mọ́ ọn ní 1962 pé bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń rí ara wọn gan-an ti yí padà, pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó di 1973, àwọn olùwádìí méjì, Slade àti Russell, wá wọ̀n ọ́n, wọ́n ní káwọn aláìsàn náà fi iná méjì tó ṣeé sún hàn wọ́n bí ojú wọn, àyà wọn àti ìbàdí wọn ṣe fẹ̀ tó, ohun tí wọ́n ń fi hàn ju bí wọ́n ṣe rí lọ fíìfíì. Èyí tó wá dúró sí mi lọ́kàn nínú ẹ̀ ni pé bí ara wọn ṣe ń padà bọ̀ ni àṣìṣe ojú yẹn ń dínkù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́ kúrò níbí nìyẹn. Èmi rò pé tí mo bá ti tún ojú ẹ̀ ṣe, tí mo jẹ́ kó rí i pé kò sanra, á jẹun. Wọ́n ní mo gbé ẹsẹ̀ kejì ṣáájú. Oúnjẹ ló ń ṣáájú, ara á tẹ̀ lé e, ojú ló máa ń kẹ́yìn dé. Ẹ má bá a jiyàn lórí dígí, bí ẹní ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Tó bá ní òun sanra, ẹ sọ pé mo gbọ́ pé ó ń dùn ẹ́, oúnjẹ ti ṣe tán, wá jókòó.

Ìtọ́jú tí wọ́n ń lò, àwọn òbí ló ń gbé ẹrù ẹ̀ jù. Maudsley Hospital ní Camberwell, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ láàárín 1980 sí 1989, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò tí wọ́n gbé jáde ní 1987 fi hàn pé àwọn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kí wọ́n tó pé 19, tí ò sì tíì lò ju ọdún 3 lọ lára wọn, ló jẹ àǹfààní ẹ̀ jù. Ẹ ò rí i pé kò yẹ kéèyàn máa fi falẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ìyá àti bàbá ló ń pinnu gbogbo ohun tí ọmọ máa jẹ, ìgbà tó máa jẹ ẹ́ àti bó ṣe máa pọ̀ tó, ọmọ ò ní sọ nǹkan kan sí i. Nígbà tó bá yá, wọ́n á máa dá a padà sọ́wọ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlànà ni pé kó jẹ́ ìjókòó 18 sí 20 láàárín ọdún kan, tiwa lé díẹ̀.

Ìjókòó kejì, wọ́n ní ká gbé oúnjẹ wá ká jẹ ẹ́ lójú wọn, irú oúnjẹ tí ìyá máa fún ọmọ tí ebi ń pa kú lọ. Mo gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò tó ní pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ sínú kúlà, mo ń bẹ̀rù pé òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ilé ìwòsàn. Téràpísìtì ò fajú ro, ó kàn fa àga ẹ̀ sún mọ́ wa. Ọmọ mi ń ṣa òkèlè tí ò tó hóró ẹ̀gúsí, á fi kan ọbẹ̀, á nù ún sétí àwo, á tún bu òmíì. Ìṣẹ́jú ogún, kò tíì gbé kan mì. Bàbá ẹ̀ ti ń gbóhùn sókè, téràpísìtì ní kó dákẹ́, kó sún mọ́ ọn títí èjìká wọn á fi kanra, kí àwa méjèèjì máa sọ nǹkan kan náà, ká má pàrọwà, ká má halẹ̀, ká má ṣàlàyé. Bàbá ẹ̀ wá bu òkèlè, òkèlè gidi, ó gbé e sí i lọ́wọ́, ó ní ọmọ mi, jẹ ẹ́, ibí ni mo wà, mi ò lọ síbì kankan. Ó tún un sọ, ó tún un sọ. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ náà jẹ ẹ́. Ó sunkún ó sì jẹ ẹ́. Òkèlè mẹ́fà ló jẹ lọ́jọ́ yẹn, wákàtí kan àti ààbọ̀ ló gbà wá, nígbà tá a délé èmi àti bàbá ẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀.

Báyìí la ṣe ṣe é, ìgbà mẹ́fà lóòjọ́, ìyẹn oúnjẹ mẹ́ta àti ìpápánu mẹ́ta, fún oṣù mélòó kan. Mo ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, mo fi iṣẹ́ àṣálẹ́ sílẹ̀, a jẹ gbèsè. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí wọn ò sọ ọ́ fún wa dáadáa.

Ibi tí ìràwọ̀ kan ti já nìyí. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n fún wa, búrẹ́dì, cereal, yọ́gọ́ọ̀tì àti pasta ló kún inú ẹ̀. Tí mo bá béèrè pé àmàlà ńkọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á wo ara wọn lójú. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń fún ọmọ mi ní oúnjẹ tí kì í ṣe tiwa, òun ń jẹ tiẹ̀ lápá kan, àwa ń jẹ tiwa lápá kan, ìyẹn gan-an wá tún sọ ọ́ di àjèjì nínú ilé bàbá ẹ̀. Dietitian tuntun tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ló jókòó tì mí, ó ní kí n ya fọ́tò ìkòkò mi, kí n sọ bí mo ṣe ń rokà, ṣíbí epo mélòó ni mò ń bù sọ́bẹ̀, a jọ kọ tiwa sílẹ̀: ògì pẹ̀lú mílíìkì àti àkàrà láàárọ̀, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin fún ìpápánu, iyán àti ẹ̀gúsí lálẹ́. Ó yẹ kí wọ́n ti ní irú ìwé yẹn nílẹ̀ kí n tó dé, pẹ̀lú bá a ṣe pọ̀ tó ládùúgbò yẹn. Wọn ò tún ní àpọ́ìntìmẹ́ntì alẹ́, gbogbo ẹ̀ àárín ọ̀sán, ẹni tó ń gbowó wákàtí á jìyà ẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn òbí tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday (ìyẹn nìkan ni nǹkan alẹ́ tí wọ́n ní) ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa àwọn ọkùnrin 36 kan tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ní Yunifásítì Minnesota ní 1944 sí 1945 kí Ancel Keys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, lè wo ohun tí ebi ń ṣe fún èèyàn. Ọkùnrin tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù fún oṣù mẹ́fà, wọ́n di ẹni tó ń ka ìwé oúnjẹ sísè tọ̀sán tòru, tó ń fa oúnjẹ kan gùn fún wákàtí méjì, tí ò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mọ́. Mo wá rántí ọmọ mi pẹ̀lú dòdò àwọn àbúrò ẹ̀. Ebi ló ń hu ìwà yẹn, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ìwàkuwà.

Ìyá kan níbẹ̀, ọmọ Ghana, béèrè pé ṣebí àrùn òyìnbó ni, torí lọ́dọ̀ tiwa ẹni tó sanra là ń kí. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni Fiji, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì. Níbẹ̀ náà ara tó kún ni wọ́n ń yìn. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga ní 1995, nígbà yẹn wọn ò rí ọmọbìnrin iléèwé kankan tó ń bì torí kó má bàa sanra, nígbà tó fi máa di 1998 wọ́n ti di nǹkan bí 11 nínú 100. Tẹlifíṣọ̀n lásán nìyẹn, kí ni ká wá sọ nípa TikTok tó wà lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi ń sùn.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. A máa ń fi ara èèyàn kí i. “Há, o ti sanra o, ara ẹ ti wá mọ́lẹ̀.” Oríire la fi ń ṣe, mo mọ̀. A tún máa ń pe ọmọ ní ọ̀rọ́bọ́ láti kékeré, a ó pe àbúrò ẹ̀ ní lẹ́pa, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi sọ fún téràpísìtì pé láti ìgbà tóun wà lọ́mọ ọdún 7 lòun ti ń jẹ́ ọ̀rọ́bọ́ nínú ilé. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn. Ní oṣù kẹfà ìtọ́jú, ara ẹ̀ ti ń bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti yọ, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ, màmá kan tó fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa dì mọ́ ọn, ó ní ẹ wo bó ṣe sanra, Ọlọ́run ṣeun! Ojú ọmọ náà kú lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi padà sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí pé kẹ́nikẹ́ni má fi ara ọmọ mi kí i mọ́, ì báà jẹ́ ìyìn, ẹ kí i pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ béèrè iléèwé, ẹ béèrè orin tó ń gbọ́. Àwọn kan bínú. Ìyá mi ní Ìbàdàn ló kọ́kọ́ gbà, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń wọnú báyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ okùn. Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ara ti dúró, téràpísìtì gbé okùn kan fún un, ó ní kó fi ṣe róbótó sílẹ̀ bó ṣe rò pé ìbàdí òun tóbi tó. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fara balẹ̀, ó fà á síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó ní òun ti ṣe tán. Fífẹ̀ róbótó yẹn tó agbada tá a fi ń dín àkàrà níbi òkú. Wọ́n wá fi okùn kejì yí ìbàdí ẹ̀ gan-an, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín ti àkọ́kọ́. Kékeré báyìí ló jókòó sínú ẹ̀, bí àwo ọbẹ̀ nínú ọpọ́n. Kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ sí àlàfo tó wà láàárín okùn méjèèjì, ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ ibẹ̀ láìkan èyíkéyìí. Ó ní, gbogbo ibí yìí, kì í ṣe èmi?

Okùn ò wò ó sàn o. Lọ́jọ́ kejì ó tún sunkún lórí sòkòtò iléèwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ó ti ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́. Á wá bá mi láàárọ̀, á ní Mummy, okùn ńlá ni mò ń rí lónìí. Èmi ò ní jiyàn, bàbá ẹ̀ ò ní jiyàn, a ó ní ó dáa, ògì ti wà lórí tábìlì. Á jẹ ẹ́ pẹ̀lú okùn ńlá yẹn lójú ẹ̀. Okùn ńlá ṣì ń wá, àmọ́ ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó sọ ọ́ báyìí. Wọ́n yọ orúkọ wa kúrò lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì sì ń pè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Tó bá jẹ́ pé irú klíníìkì báyìí lẹ́ ẹ fẹ́ lọ, GP ló ń kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ ní England òbí lè pe klíníìkì fúnra ẹ̀, ẹ béèrè. Tí GP bá ní kílò ọmọ yín ò burú, tẹ́ ẹ sì mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ má gbà, ẹ ní kó ka lílù ọkàn ẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, ẹ sọ nípa nǹkan oṣù. Tó bá dákú tàbí tí àyà bá ń dùn ún, A&E ni, ìyẹn ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de lẹ́tà. Beat náà wà, ẹgbẹ́ aláàánú ni wọ́n, wọ́n ń dá òbí lóhùn lórí fóònù, èmi pè wọ́n lọ́jọ́ tó le jù. Ẹ rí i pé bàbá ọmọ bá yín lọ. Fún ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, ẹ fi kúlà tó dáa gbé oúnjẹ, ẹ di ẹ̀bà náà nínú láílọ́ọ̀nù kó má bàa gan, torí wọn ò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi gbé e gbóná níbẹ̀.